Kí Ẹ Tó Dìbò Lórí Òfin Ìdá Mẹ́ta

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ inú ihò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan ìwé ìdìbò yẹn. Ẹ ka tèmi tán ná. Èmi alága yín ni mò ń kọ ọ́, èmi tí ẹ ń pè ní Bàbá Ìdá-Mẹ́ta, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò fi ipá mú mi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tèmi ti lé ní ogún, ó ti di ọdún méjìlélógún, òtítọ́ ò sì tíì bá a, torí pé èmi fúnra mi ni mo ń di òtítọ́ lọ́wọ́ mú. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Dókítà ní ọkàn mi ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, pé ó lè dáwọ́ dúró nígbàkigbà, ó wá ní kí n má gun àtẹ̀gùn mọ́, kí n má sì bínú mọ́. Mo ní ti àtẹ̀gùn rọrùn. Ti ìbínú ńkọ́? Ta ló máa jókòó sínú ìpàdé ẹgbẹ́ yìí tí kò ní bínú?

Torí àwọn ará ilé yín tó lè bá yín ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa díẹ̀. Àwa la máa ń wẹ̀ wọ inú ihò tí omi kún, níbi tí àpáta ti bo orí èèyàn bí òrùlé, tí kò sí bí ènìyàn ṣe lè yọrí sókè kó mí. Ibi tí a gbà wọlé náà la máa gbà jáde. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí a pín afẹ́fẹ́ inú sílíńdà tí a gbé sẹ́yìn sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún àtiwọlé, ìdá kan fún àtijáde, ìdá kẹta fún ọjọ́ burúkú, pàápàá bí afẹ́fẹ́ ẹnìkejì ẹni bá tán tí ó di pé ẹ̀yin méjèèjì jọ ń mí láti inú sílíńdà kan ṣoṣo. Bí abẹ́rẹ́ géèjì bá ti fi hàn pé ìdá kìíní ti lọ, kò sí àwáwí, yí padà. Òfin náà dára. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Èmi ni mo fi kọ́ bí ìdajì yín.

Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta la ti fi ń jà lórí bóyá ká tún un ṣe tàbí ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ìjà náà sì ti sú mi dé ọ̀fun. Ẹ̀yin náà mọ yàrá ìpàdé wa lókè ṣọ́ọ̀bù onítáyà: fáànù kan ṣoṣo tó ń dún bí ẹni tí eyín ń dùn, àga oníke tí ẹsẹ̀ wọn ti yà, òórùn rọ́bà tó ń gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti dìde pé ká da òfin àtijọ́ nù, pé aago ìgbàlódé tí àwọn so mọ́ ọrùn ọwọ́ mọ ìṣirò ju orí bàbá ẹnikẹ́ni lọ. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé bí bátìrì aago náà bá kú nínú ihò ńkọ́, ó ní òun á ra méjì. Àwọn àgbà tún dìde láti apá kejì, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi kọ òfin náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí àmì kan padà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta ni? Nínú gbogbo àwọn tó ń pariwo ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹni tó ta ẹ̀jẹ̀ jù nínú wọn, abẹ ìfárùngbọ̀n ló gé e.

Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ̀rọ̀ tó ní láárí, ìyẹn ọmọbìnrin Wọ̀n-ọ́n-wò. Ẹ mọ̀ ọ́n, olùkọ́ ìṣirò ni, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní ìwẹ̀ inú ihò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ní ká da òfin nù. Ohun tó sọ ni pé géèjì kì í sọ iye afẹ́fẹ́ tó wà nínú sílíńdà, bí sílíńdà náà ṣe kún sí ló ń sọ. Ó ní kọ́ọ̀bù àti garawa lè jọ kún dé ìdajì, ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ mọ̀ pé omi wọn ò dọ́gba. Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi lítà ka afẹ́fẹ́, kí ìdá kẹta ẹnìkọ̀ọ̀kan sì tó láti gbé ẹnìkejì rẹ̀ jáde, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan. Ohun tó ká a lára ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ sí lọ́dún tó kọjá, tí ẹ̀gbọ́n gbé sílíńdà ńlá, tí àbúrò gbé kékeré, tí àwọn méjèèjì pa òfin mọ́ pátápátá, síbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ àbúrò ò tó àwọn méjèèjì nígbà tí ti ẹ̀gbọ́n tán, tí ìsáré jáde sì sọ àbúrò di ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn dòní. Bàbá kan nínú àwọn àgbà wa, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ wíwà, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbàgbé títí wọ́n fi máa sin mí.

"Ọmọ mi," ó ní, "ká ní bàbá ẹ pa òfin yìí mọ́ bó ṣe wà ni, ì bá ṣì wà láyé, òun náà ì bá sì ti kọ́ ẹ pé a kì í já àgbà ní koro."

Ọmọ náà kó ìwé rẹ̀ jọ, ó jókòó. Èmi tí mo jẹ́ alága, tí agogo wà níwájú mi lórí tábìlì, èmi tí mo mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe mọ ojúgun mi, kí ni mo ṣe? Mo lu agogo, mo ní ká tẹ̀síwájú sórí ọ̀rọ̀ ọ̀dà tí a fẹ́ fi kun ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ogójì ìṣẹ́jú la fi jiyàn bóyá kí ọ̀dà jẹ́ búlúù tàbí àwọ̀ eérú. Ẹ tiẹ̀ gbà mí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ Wọ̀n-ọ́n-wò, orúkọ rẹ̀ nìkan lẹ mọ̀, látinú ìwé ìkọ́ni wa, ojú ìwé kọkàndínlógún. Káfíńtà ni. Kò sí ohun tí kì í wọ̀n kó tó fọwọ́ kàn án, ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó wọn ìyàwó rẹ̀ kó tó fẹ́ ẹ, ìyàwó náà á sì dáhùn pé òun náà ti wọn ọkọ òun, ó kù díẹ̀ káàtó, àánú ló ṣe òun. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, èémí rẹ̀ ò pọ̀, sílíńdà kékeré ló máa ń gbé. Èmi ní tèmi, ẹ̀yin náà rí ikùn mi. Púlọ́ńbà ni mí, mo sanra, mo ń mí bí ẹwìrì, sílíńdà tí mò ń gbé tóbi ní ìlọ́po méjì tirẹ̀. Ohun tó wá ń dùn mọ́ wa nínú ni pé bí a bá jọ wọlé, abẹ́rẹ́ géèjì wa máa ń jọ wálẹ̀ bákan náà. Bí tirẹ̀ bá wà ní ogóje, tèmi náà wà ní ogóje. A máa ń yangàn pé ìbejì ni géèjì wa. Àwa méjì, ọ̀kan púlọ́ńbà, ọ̀kan káfíńtà, iṣẹ́ wa ò ju ká wọn nǹkan lọ, a ò wá mọ̀ pé abẹ́rẹ́ la wọ̀n, a ò wọn afẹ́fẹ́.

Bó bá mọ bẹ́ẹ̀ ni, à bá pè é ní àìmọ̀kan, ẹ̀ bá sì dárí jì mí kí ẹ tó ka ibí yìí dé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, mo rí i pé rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti inú sílíńdà mi wá sí ẹnu mi ti sán lẹ́bàá ìdè rẹ̀. Mo fi èékánná họ ọ́, mo rí i. Púlọ́ńbà ni mí. Ká ní oníbàárà ló fi irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ hàn mí nílé ìdáná rẹ̀, màá ní kó ti omi lójú ẹsẹ̀, màá tún bú u pé kí ló ń dúró de. Ṣùgbọ́n tèmi ni, mo ní ó ṣì máa ṣeé lò lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ̀n-ọ́n-wò béèrè lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe máa ń béèrè nígbà gbogbo, pé ṣé gbogbo irinṣẹ́ mi pé. Mo ní ó pé. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi ìbínú dá a lóhùn pé ṣé òun ni ìyá mi ni.

A wọlé. A tẹ̀lé okùn tí a ti ta sílẹ̀ látẹnu ihò, a kọjá ibi tóóró tí a ń pè ní ọ̀fun, níbi tí a so sílíńdà ìrànlọ́wọ́ kan mọ́, nítorí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. A wẹ̀ lọ títí abẹ́rẹ́ fi dé ogóje, ìyẹn ibi tí ìdá kìíní ti tán. Wọ̀n-ọ́n-wò ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó mú wàláà kékeré tó máa ń so mọ́ ìgbànú, ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ síbẹ̀ pé "140, a yí padà", ó kọ aago sí i, ó sì fi hàn mí. A yí padà. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí rọ́bà mi fi bẹ́. Omi hó yí mi ká, mi ò rí iwájú, mi ò rí ẹ̀yìn, mo na ọwọ́ sẹ́yìn láti ti ẹnu sílíńdà, ọwọ́ ò dé e. Wọ̀n-ọ́n-wò dé ọ̀dọ̀ mi, ó bá mi tì í, ṣùgbọ́n gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti tú dànù. Ó yọ ohun tó fi ń mí kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó fi há mi lẹ́nu, ó mú èkejì tó wà fún pàjáwìrì fún ara rẹ̀. Ó di apá mi mú. Ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ń fá pákó. A forí lé ọ̀nà àbájáde, àwa méjèèjì ń mí láti inú sílíńdà kékeré kan.

Èmi jáde. Òun ò jáde.

Lọ́jọ́ kejì ni èmi àti Ọ̀gá Pọ́ǹpù, ẹni tó ń bá wa rọ afẹ́fẹ́ sí sílíńdà nígbà náà, wọlé lọ gbé e. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì wà lórí okùn bí òfin ṣe sọ. Wàláà náà ṣì wà ní ìgbànú rẹ̀. Mo mú òkúta, mo ha ohun tó kọ síbẹ̀ títí kò fi ṣeé kà mọ́. Ọ̀gá Pọ́ǹpù fi tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tàn sí ọwọ́ mi, ó rí ohun tí mò ń ṣe. Nígbà tí a dé òkè, ó béèrè pé kí ni kí òun kọ sínú ìwé. Mo ní bí a bá sọ ti rọ́bà mi, wọ́n á gba ìwé àṣẹ olùkọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n á ti ihò náà pa, kò sì ní jí ẹni tó kú. Ó ní òkú kì í jiyàn. Ó mú bírò. Lóòótọ́, kí àwọn olùṣèwádìí tó dé, mo ti pààrọ̀ rọ́bà náà. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Ọ̀gá Pọ́ǹpù kú. Nígbà tí mo lọ kí i ní ilé ìwòsàn, ó ní òun ti sọ ìdajì tòun fún Ọlọ́run, ó ku tèmi.

Ohun tí a kọ ni ẹ̀yin ń kà lójú ìwé kọkàndínlógún. A kọ ọ́ pé Wọ̀n-ọ́n-wò kọjá ìdá mẹ́ta rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ lọ wọn yàrá tó wà níwájú. A kọ ọ́ pé mo fi iná tọ́ọ̀ṣì pè é lẹ́ẹ̀mẹta pé kó yí padà, kò gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò jiyàn, ta ni kò mọ̀ pé ó fẹ́ràn láti máa wọn nǹkan? Ìwà rere rẹ̀ ni mo fi ṣe ẹ̀rí ta kò ó. Láti ọdún náà, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí mi ò ka ojú ìwé yẹn sí létí. Nígbà mìíràn mo máa ń sunkún níbi tí mo bá ń kà á, ẹ̀yin á sì máa wò mí pẹ̀lú àánú. Omijé yẹn kì í ṣe irọ́ o. Gbogbo ohun tó yí i ká ni irọ́. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ká ní mo sọ òtítọ́ nígbà náà, à bá ti rí i lójú ẹsẹ̀ pé ẹnì kan pa òfin mọ́ géérégé, òfin náà ò sì tó láti gbé e jáde. À bá ti tún un ṣe láti ọdún méjìlélógún. Àbúrò tó ń fi ọ̀pá rìn yẹn, èmi ni mo fún un lọ́pá.

Lọ́jọ́ kejì ìpàdé ọ̀dà yẹn, mo lọ sí ilé ìwé tí ọmọ Wọ̀n-ọ́n-wò ti ń kọ́ni. Mo gun àtẹ̀gùn, dókítà á gbọ́ sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ, ó ń nu bọ́ọ̀dù. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ káàsán, ẹ jókòó." Dádì ló ń pè mí láti ọmọ ọdún mẹ́fà, láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi, mo sì sọ ti rọ́bà fún un, mo sọ ti wàláà. Mo rò pé á pariwo. Mo ti múra sílẹ̀ de ariwo. Ṣùgbọ́n ńṣe ló mú ẹfun, tó ní kí n sọ iye lítà tí sílíńdà mi gbà àti iye tí ti bàbá òun gbà. Mo sọ ọ́. Ó kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù. Ó kọ ọ́ pé nígbà tí rọ́bà mi bẹ́, bàbá òun ní 1,680 lítà lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ihò, òun nìkan nílò 840. Èmi nìkan nílò 1,680. Ó rò ó pọ̀, ó jẹ́ 2,520. Ó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá mi ò rú òfin," ó ní. Kò sọ ọ́ fún mi, bọ́ọ̀dù ló ń sọ ọ́ fún.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́, mo rò pé mo ti jẹ́wọ́ tán. Ọkàn mi tiẹ̀ ti ń fúyẹ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò ò yí ojú kúrò lára bọ́ọ̀dù. Ó ya ihò náà, ó ya ọ̀fun, ó fi iye afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù pín ọ̀nà, ó sì fi ẹfun sí ibi tí sílíńdà kékeré yẹn ti gbọ́dọ̀ tán. Ibẹ̀ ò ju ogún mítà lọ sí ibi tí sílíńdà ìrànlọ́wọ́ wà. Ó wá yíjú sí mi.

"Dádì, ta ló kọ́kọ́ dé ìdí sílíńdà yẹn?"

Ẹ̀yin ará, ọdún méjìlélógún ni mo fi ń retí kí ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí. Àwọn olùṣèwádìí ò bi mí. Àwọn àgbà tó ń pariwo ẹ̀jẹ̀ ò bi mí. Mo tún jókòó. Mo sọ fún un pé èmi ni. Mo sọ fún un pé nígbà tí a fà á tí kò sí nǹkan tó wọlé mọ́, mo tu ohun tó wà lẹ́nu mi jáde, mo já apá mi gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ gbá a láyà bí mo ṣe ń sáré lọ. Mo dé ìdí sílíńdà náà, mo fi ẹnu mú un, mo mí. Ó kún fọ́fọ́. Mo yíjú padà. Mo rí iná Wọ̀n-ọ́n-wò. Iná náà ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, sọ́tùn-ún, sósì. Nínú iṣẹ́ wa, ìyẹn ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo: wá gbà mí. Ogún mítà. Kò ju kí n ju ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ. Mo ní afẹ́fẹ́ tó lè gbé àwa méjèèjì jáde. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á já a gbà lẹ́nu mi, torí ohun tí èmi ì bá ṣe nìyẹn. Mo di okùn mú, mo di sílíńdà mú, mo dúró, mo ń mí, mo ń wò ó. Iná náà lọ sọ́tùn-ún sósì lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó rọra ń lọ. Lẹ́yìn náà ó dorí kodò, ó ń tàn sí ilẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo yí padà, mo jáde. Nínú ìwé tí mo kọ, èmi ni mo fi iná pe òun. Ẹ̀yin ló mọ irú orúkọ tí ẹ máa pe ẹni tó kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi ti wá orúkọ náà títí, mi ò rí i.

Ọmọ náà gbé ẹfun sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó tún nù ún, ó tún nù ún. Ó ní òun ò mọ ohun tó yẹ kí òun sọ fún mi, pé kí n má bínú. Kí n má bínú, ẹ gbọ́. Ó ní kí n lọ bá màmá òun, kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti iná, pé òun ò ní bá mi gbé e lọ sílé. Omi ń dà lójú rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò yí padà. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ tó ń nu bọ́ọ̀dù.

Aránṣọ ni ìyàwó Wọ̀n-ọ́n-wò. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nínú yàrá iwájú, aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló ń rán, ó tò wọ́n gègèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bọ̀dá ló ń pè mí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí àjákù aṣọ, èmi àgbàlagbà, mo sì sọ ọ́ láti orí dé ìdí. Ó ń wa ẹ̀rọ lọ nígbà tí mo ń sọ ti rọ́bà. Ó ń wà á lọ nígbà tí mo ń sọ ti wàláà. Nígbà tí mo sọ pé ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní kí a yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Mo sọ ti iná. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, kò wò mí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí mi ò fi mọ ohun tí mò ń sọ mọ́.

Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní fún ọdún méjìlélógún, òun ò lọ sí ìdí sàréè ọkọ òun. Ó ní òun yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri, òun kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní bí ọmọ bá béèrè bàbá rẹ̀, òun a ní bàbá rẹ̀ mọ àkókò tó yẹ kó yí padà wá bá wa, ihò ló wù ú ju wa lọ. Ó ní bí òjò bá jò wọlé, bí owó ilé ìwé bá dé, bí ara ọmọ ò bá yá, òun a bú u. Ó ní lójoojúmọ́ ni òun ń bú u.

"Bọ̀dá, ẹ ti wá bẹ̀ mí," ó ní. "Èmi ńkọ́, ta ni kí èmi lọ bẹ̀?"

Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí ó fi ní kí n dìde kí n máa lọ, pé òun ní aṣọ tí òun máa parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò ní òun dárí jì mí. Kò ní òun ò dárí jì mí. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé okùn aṣọ.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹ dúró. Mo ti fi ipò alága sílẹ̀, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Mo ti kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pẹ̀lú, ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe, kí wọ́n fi mí ṣe é. Ẹ fa ojú ìwé kọkàndínlógún ya. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi kọ òfin bí ẹ ò bá tíì béèrè ẹni tó mú bírò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tìtorí pé òfin ti pẹ́ kí ẹ dà á nù. Bí rọ́bà yín bá sán, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó wọ omi, bí ojú bá tilẹ̀ tì yín, torí ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni mo sá fún tó fi di èyí. Ọmọ yẹn ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, kí ẹ sì dìbò bí ọkàn yín bá ti rí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ bá mi ṣe ẹyọ kan yìí. Bí ẹ bá pàdé ìyàwó Wọ̀n-ọ́n-wò lọ́nà, ẹ má kàn kí i kọjá bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo ti sọ fún un, ṣùgbọ́n ẹnu òpùrọ́ ni mo fi sọ ọ́, ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ dúró, kí ẹ sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ yí padà lákòókò. Ilé ló ń bọ̀.